Mo Kọ́ Àwòrán Yíyà Nítorí Aláràbarà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ó pe ọwọ́ mi ní ọwọ́ pákó. Níwájú èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ti sọ ọ́, mo kà wọ́n. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí kí n má baà gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀, nítorí mo mọ ara mi. Tí ọ̀rọ̀ bá ti di ọjọ́ kẹta, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre fún ẹni tó ṣẹ̀ mí. Èyí kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé tuntun ló pe gbogbo káfíńtà jọ. Ọgọ́fà àga àti ogún tábìlì ni wọ́n fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà, kó mú àwòrán àga rẹ̀ wá ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yà á. Mo nawọ́ sókè, mo bi wọ́n bóyá mo lè gbé àga gidi wá dípò àwòrán. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó ń lo gíláàsì, kò tíì lanu tí Aláràbarà fi dìde.

"Ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, mà," ó ní. "Ọdún méjìdínlógún la fi ṣiṣẹ́ pọ̀. Èmi ń yà, àwọn ń gbẹ́. Ọwọ́ pákó ni Ọlọ́run fún wọn. Yíyà kì í ṣe ohun téèyàn ń kọ́, wọ́n máa ń bí i mọ́ni ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jókòó tì mí gbìyànjú láti pa tiẹ̀ mọ́ra, ó wá tú jáde ní imú rẹ̀.

Aláràbarà yìí kan náà ló kó ìwé àwòrán tí a jọ ń fi han àwọn oníbàárà lọ nígbà tó fi ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé wá fún mi. Tí iṣẹ́ ilé ìkàwé yìí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, màá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pa. Tó bá wá jẹ́ pé òun ló gbà á, n kò mọ ibi tí màá gbé ojú mi sí.

Mo máa kọ́ yíyà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ kó ṣojú ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Mo ra ogójì ewé bébà àti pẹ́ńsù mẹ́ta. Bébà ti fẹ́ wọ́n ju pákó lọ. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara mi kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi, mo sì ya àga kan. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Bàbá wọn," ó ní, "ajá ta nìyí?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Ajá mẹ́sàn-án ni mo ti yà báyìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò mọ ibi tí àṣìṣe náà wà. Mo fi téèpù wọn àga náà dáadáa kí n tó yà á. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba lórí bébà, ìjókòó rẹ̀ dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lára igi. Síbẹ̀, ó dà bí ohun tí ọkọ̀ tẹ̀ kọjá.

Àgbà Fáníìṣì, tó ti ń bá mi kun igi láti ọjọ́ pípẹ́, mú ọ̀kan nílẹ̀, ó wò ó, ó ní kí n má ṣèyọnu, òun náà kò mọ orin kọ, òun sì ti bímọ mẹ́fà. N kò mọ ohun tí ó fi rò pé ìyẹn lè tù mí nínú.

Ìyàwó mi ní kí n lọ bá Màmá Olùkọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́ ni Màmá Olùkọ́ ń gbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní àwòrán yíyà kó tó fẹ̀yìn tì. Orúnkún kò jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ mọ́, nítorí náà ojú fèrèsé ló ti ń ṣe gbogbo ọjà rẹ̀, ó ń fi okùn sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá.

"Ta ló bí ẹ nínú tó báyìí?" ó bi mí.

Mo ní kò sẹ́ni kankan, mà.

"Kò sí nǹkan tó ń fi ẹni àádọ́ta ọdún sídìí pẹ́ńsù bí kò ṣe ìbínú. Kò burú. Ìbínú máa ń tètè jí. Ṣé o lè kọ orúkọ ara ẹ?"

"Mo lè kọ ọ́, mà."

"Ọwọ́ ẹ ti ya àwòrán nìyẹn. Ojú ẹ ló kù tí a máa kọ́."

Kò gba owó. Fèrèsé mẹ́fà tí kò ṣeé tì àti kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ikán ti jẹ ìdí rẹ̀ ni màá bá a tún ṣe. Ó gbé kọ́ọ̀bù kan sórí tábìlì, ó ní kí n yà á. Mo ya ẹnu rẹ̀ roboto.

"Ṣé orí àjà lo jókòó sí tó o ti ń wò ó ni?"

Mo ní mo mọ̀ pé ẹnu kọ́ọ̀bù máa ń rí roboto, mà.

"Ta ló bi ẹ́ lóhun tó o mọ̀? Ohun tó o rí ni mo bi ẹ́."

Mo wo kọ́ọ̀bù náà dáadáa. Láti ibi tí mo jókòó sí, ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹyin tí a tẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń mu omi nínú kọ́ọ̀bù tí n kò sì rí i rí. Inú bí mi sí kọ́ọ̀bù náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Mo gbé àwòrán àga lọ. Màmá Olùkọ́ rí téèpù tó ń yọ lápò mi, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú.

"Ṣé o fi téèpù wọn àga kó o tó yà á ni?"

"Tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá dọ́gba, àga á máa mì, mà."

"Kò sẹ́ni tó máa jókòó lé èyí. Bébà ni."

Ó gba téèpù náà lọ́wọ́ mi, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí tó jókòó lé. Ó ní ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn máa ń kúrú lójú, kí n gbà fún ojú mi. Mo sọ fún un pé gbogbo ayé mi ni mo fi ń wá ọ̀nà kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má baà kúrú. Ó ní ìyẹn gan-an ni àìsàn mi.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta

Àádọ́ta àwòrán lọ́sẹ̀ ló ní kí n máa yà. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí. Lónìí, ẹ̀yìn ọrùn ń dùn mí bí ẹni tó ru pákó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó jò sórí pákó tí mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, márùn-ún ti tẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ìyẹn nìkan ì bá tó láti bà mí nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ya àga kan lónìí tí ìyàwó mi pè ní àga.

Ọgbọ́n tí Màmá Olùkọ́ fún mi nìyí: kí n má ya ẹsẹ̀ rárá, kí n ya àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀. N kò mọ nǹkan kan nípa àlàfo, n kò wọ̀n ọ́n rí, nítorí náà n kò lè fi ìmọ̀ mi dà á rú. Mo ya àlàfo mẹ́ta, àga sì dúró láàárín wọn. Mo jókòó, mo wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ojú Aláràbarà tó bá rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Mo pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta pákó. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ tó jẹ́ pé orúnkún nìkan ló mọ̀ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ pé ẹ ti padà síléèwé."

Àwọn tó ń ta pákó yíjú pa dà. Dúdú pẹ́ńsù wà létí ọwọ́ mi, mo gbé ọwọ́ náà pa mọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Mo ní mo dúpẹ́.

"Ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín o," ó ní, "ẹ̀yin náà á gbà fún Ọlọ́run tó bá yá."

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń dá a lóhùn. Àwọn èsì tó dáa ni mo ní, àmọ́ ilé mi ni mo dé kí wọ́n tó dé. Mo gbàdúrà kí àtè tó fi ń lẹ pákó má gbẹ. Mo gbàdúrà kí ìṣó rẹ̀ máa tẹ̀. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ya àga mẹ́tàlélógún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹrin

Fèrèsé mẹ́rin ti ń tì.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin

Mo sọ ohun kan lónìí tí n kò mọ̀ pé ó máa bímọ. Mo sọ fún Màmá Olùkọ́ pé tí mo bá tiẹ̀ yà á dọ́dún mẹ́wàá, n kò lè dà bí Aláràbarà, torí wọ́n bí i mọ́ òun ni. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ìgbà tó yá ló bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ikọ́ fi mú un, mo ní láti bu omi fún un.

"Ta ló sọ pé wọ́n bí i mọ́ ọn?"

"Òun fúnra ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ yẹn? Ọmọ tó ya kọ́ọ̀bù fún mi tí mo rò pé bàtà ni?"

Ó ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Aláràbarà nígbà tó kọ́kọ́ wá bá òun. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń wá ní gbogbo Sátidé, kó tó di pé èmi àti ẹ̀ pàdé rárá. "Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́, n ò rí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ le tó tiẹ̀. Mo sọ fún un nígbà kan pé kó lọ kọ́ nǹkan míì. Ó sunkún níbi tó o jókòó sí yẹn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún dé."

Ó ní kí n ṣí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé ńlá kan wà níbẹ̀, èèpo rẹ̀ ti ń ṣí, orúkọ àbísọ Aláràbarà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣí i. Kọ́ọ̀bù tó dà bí bàtà wà lójú ewé kìíní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àga dé, ajá gbogbo wọn, ajá tó burú ju tèmi lọ. N kò ṣí i dé ìdajì tí ẹ̀rín fi gba gbogbo ara mi, mo sì pa á dé kí n má baà ké.

"Torí àwọn bíi tìẹ ni mo ṣe tọ́jú ẹ̀," Màmá Olùkọ́ sọ. "Ó bẹ̀ mí pé kí n sun ún, mo jẹ́ kó gbà pé mo ti sun ún. Inú yàrá yìí ni kí ọ̀rọ̀ náà parí sí o."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kẹrin

Ó mọ̀. Ohun tó ń gbóná lára mi nìyẹn. Ní gbogbo ọdún méjìdínlógún tí a fi jẹun nínú abọ́ kan, ó mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ́ ọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi díẹ̀, ìgbà mẹ́ta ló fọwọ́ kan èjìká mi tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wà níbi tí wọ́n dá a sí." Mo gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù kẹrin

Mo tún ìdí kọ́bọ́ọ̀dù Màmá Olùkọ́ ṣe lónìí. Mo ní láti kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, mo sì tún ní láti kó wọn padà. N kò kó gbogbo wọn padà.

N kò jí i. Mo yá a títí di ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún. Màmá Olùkọ́ jókòó ní yàrá kejì, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa owó gáàsì, mo sì ń dá a lóhùn dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù kẹrin

Ìwé náà wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, lábẹ́ ìfági. N kò tún ṣí i. Mo fẹ́ kí ẹ̀rín náà ṣì jẹ́ tuntun tó bá dọjọ́ náà. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ, mo ń sọ ọ́ fún ara mi bí mo ṣe ń gé igi. Àgbà Fáníìṣì béèrè bóyá èmi ni mò ń pe òun.

Àwòrán mi ń dáa sí i. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tún dùn mọ́ mi tó ti ìṣáájú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mo ti ń rí òjìji lábẹ́ gbogbo nǹkan. Lánàá, ìyàwó mi ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn wa, mo ń wo bí etí rẹ̀ ṣe so mọ́ orí. Ó ní kí n gbé ojú mi kúrò lára òun, òun kì í ṣe àga.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kẹrin

Mo parí èyí tí mo máa gbé lọ. Àga kan láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wọ inú ìjókòó. Màmá Olùkọ́ gbé e jìnnà sójú, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló yọ téèpù mi jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Gbà. Kò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan mọ́."

N kò lè wo ojú rẹ̀. Àpótí irinṣẹ́ mi wà lẹ́sẹ̀ mi, ìwé náà sì wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù karùn-ún

Mo lọ aṣọ mi. Ìyàwó mi béèrè ohun tó wà nínú àpò dúdú tí mo dì. Mo ní àwòrán ni. Kì í ṣe irọ́.

Ọjọ́rú, 7 oṣù karùn-ún

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò ní yọ níbẹ̀.

Àwa mẹ́jọ la gbé àwòrán lọ. Wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Àwọn ìgbìmọ̀ ń rìn síwá sẹ́yìn, wọ́n ń yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku tèmi àti ti Aláràbarà. Mo rí i tó ń wo tèmi. Ó sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn, ó tún sún mọ́ ọn. Ká ní mo kú níbẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ni ǹ bá lọ.

"Ta ló yà á fún yín, ẹ̀gbọ́n?" ó bi mí sí etí.

Tí kò bá sọ ìyẹn, bóyá àpò náà ì bá wà ní dídì. Bóyá ni. Mo bọ́ síwájú, mo yọ ìwé náà jáde, mo gbé e ka orí tábìlì.

"Ẹ̀yin ìgbìmọ̀," mo ní, "Aláràbarà sọ níwájú gbogbo yín pé wọn kì í kọ́ yíyà. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn."

Mo ṣí ojú ewé kìíní, mo ka orúkọ ẹ̀yìn ìwé náà sókè. Àwọn èèyàn sún mọ́ tábìlì. Ẹnì kan béèrè pé ṣé bàtà ni, ẹ̀rín sì bú jáde. Mo ń ṣí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi kọ́ ni Aláràbarà ń wò, ìwé náà ló ń wò. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ti kúrò lójú rẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi dúró de ojú yẹn. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní parọ́, ó dùn mọ́ mi dé egungun.

Alága ìgbìmọ̀ wá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka kan ṣí i lọ. Ó dé ibi tí mo ti pa á dé lọ́jọ́sí, kò dúró. Ojú ewé kan wà tó jẹ́ ẹsẹ̀ àga nìkan, ogójì ẹsẹ̀ nílà nílà. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kan náà, ogójì mìíràn. Déètì wà ní igun gbogbo wọn. Ẹ̀rín ń kú díẹ̀díẹ̀. Ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwé náà, ẹsẹ̀ kan tọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́ta tọ́. Ojú ewé tó kẹ́yìn, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó dáa débi pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nawọ́ kàn án.

"Ṣé ìwọ lo ya gbogbo èyí?" alága bi í.

"Èmi ni, mà."

"Èé ṣe tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan náà?"

"Kì í gbọ́ràn ni, mà."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí a ń rín fún ọmọ ẹni ni.

Wọ́n wọ inú yàrá lọ, wọ́n sì jáde. Alága ní àwòrán méjèèjì dáa dọ́gba, àti pé àwọn ì bá ṣì máa jiyàn ká ní kì í ṣe ti ìwé yìí. "Ọgọ́fà àga pọ̀. Ẹni tó lè lépa ẹsẹ̀ kan fún ọdún mẹ́rin, kò ní já wa sílẹ̀ láàárín ọ̀nà." Bàbá àgbàlagbà kan nínú wọn fi tiẹ̀ kún un pé, "Ẹ sì jẹ́ ká máa ṣọ́ra fún ẹni tó gbé e wá."

Aláràbarà ló gbà á.

Mo dé ilé, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wà lórí ìdúró ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ bá a jà, ẹ̀yin náà lẹ tún bá a wáṣẹ́." Ó wá lọ gbé oúnjẹ mi wá.

Ẹni bá da eérú leérú ń tọ̀. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun tí n kò rí ni ìdajì tó kẹ́yìn nínú ìwé náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù karùn-ún

Mo gbé ìwé náà lọ fún Màmá Olùkọ́. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró ní òdì kejì.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà. Mo mú un wá."

"Gbé e sílẹ̀."

Mo gbé e sílẹ̀. Mo ní kí ó dárí jì mí.

"Wọ́n ní àwòrán tìẹ náà dáa."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Mo mọ̀ pé ó máa dáa," ó ní, ọ̀pá rẹ̀ sì padà lọ sínú ilé.

Mo dúró lórí àtẹ̀gùn náà pẹ́. Kò ṣílẹ̀kùn. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀, n kò sì rí ẹni tí màá dì í rù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù karùn-ún

Aláràbarà wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Àgbà Fáníìṣì rí i lókèèrè, ó ní òun ń lọ tọ̀, kò sì padà títí di ọ̀sán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá sọ fún mi nígbà yẹn pé ìwé náà ni àwọn ń sun," ó ní. "Mo dúró lójú iná pẹ̀lú wọn. Ìwé míì ni wọ́n sun."

Oṣù méjì ni mo ti ń kó èébú jọ dè é, mo wá wọn kiri ẹnu mi, n kò rí ọ̀kan. Mo ń fági lọ. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ méjì tí òun gbà kò lè fi ẹsẹ̀ sára ìjókòó bó ṣe wà nínú àwòrán òun. Ìgbìmọ̀ ń fẹ́ rí àga kan fún àpẹẹrẹ kí oṣù tó parí, àga mẹ́ta tí àwọn ti kàn ń mì bí eyín ọmọ.

"Mo ti ṣẹ̀ yín," ó ní. "Mo ti ṣẹ̀ yín kí ẹ tó gbé ìwé yẹn jáde. Ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́ náà sí méjì."

Ìbínú mi padà dé, inú mi sì dùn pé ó padà. Mo gbé ìfági sílẹ̀.

"N kò ní gbẹ́ ẹsẹ̀ kan fún ẹ."

"Ta ló máa wá gbẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìwọ ni. Lọ kọ́ ọ."

Mo rò pé ó máa bínú, kí n lè rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo tábìlì iṣẹ́ mi, ó wo ayùn tó wà lára ògiri. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ kọ́ mi, nígbà náà."

Mo fún un ní igi kan àti ayùn kan. Mo fi bí wọ́n ṣe ń gé orí ẹsẹ̀ àga hàn án, kó lè wọ inú ihò rẹ̀ láìsí ìṣó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi hàn án. Ó gé e. Mo tì í bọ inú ihò, ó ń mì. Mo fà á yọ, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́ lójú rẹ̀, mo ju igi mìíràn sí i lọ́wọ́. Ó wò mí. Ó tún gé e. Èyí tó ṣe ìkẹta wọ́. Èyí tó ṣe ìkeje pín sí méjì fúnra rẹ̀, n kò tiẹ̀ ní láti ṣe wàhálà. Ìléròrò ti yọ sí àtàǹpàkò rẹ̀ nígbà tó dé ìkẹwàá, ó fi aṣọ dì í, ó sì mú igi mìíràn. Ìkejìlá fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ dáadáa kí ó lè rò pé mo máa gbà á, mo sì fi òòlù fọ́ ọ.

Ó jókòó sórí ìtí igi, òógùn ń kán nígbáàgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mélòó ló kù?"

Mo sọ fún un pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.